Aṣọ Bàálù Ṣínà

Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó ti Dàwódù lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀.

Bàbá kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ. Kì í sì í mọ sàréè ọmọ. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Wọ́n ní, "Bàbá Fàúsát, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù. Ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ lé wa." Mo ní ó dáa. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi, mo bọ́ sí tirẹ̀.

Alágbàfọ̀ ni mí. Suara lorúkọ mi. Káfíńtà ni Dàwódù. Ògiri pákó kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù wa ní Orílé Agége. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ayùn rẹ̀, tí òun náà ń gbọ́ òórùn èédú mi.

Olúṣínà ni àkọ́bí rẹ̀. Ṣínà la ń pè é. Ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ oníke kan ní Oregun títí wọ́n fi ní kí òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn máa lọ sílé. Ó padà wá bá bàbá rẹ̀ níṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ káfíńtà, ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Bàálù tó ń kọjá lórí òrùlé wa lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà ló ń wò. Tí ọ̀kan bá ń bọ̀, á gbé ayùn sílẹ̀ títí yóò fi lọ tán. Bàbá rẹ̀ á ní, "Ṣé ìwọ lo máa bá wọn gbé e balẹ̀ ni? Gé igi, jàre."

Ọ̀gá Daniel, awakọ̀ bàálù kan tí mo ń fọ aṣọ fún, ló fún un ní igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan àti ọ̀rá kan nígbà tó ń kó kúrò nílùú. Igi náà fúyẹ́ débi pé tó o bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, o ò ní í mọ̀. Ṣínà fi kan bàálù kékeré kan. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Okùn ni wọ́n á fi fà á gòkè, á wá bọ́ lára okùn lókè, á máa rababa. Nígbà tó kàn án tán, apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èèyàn. Egungun ìhà lásán ni, o lè rí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù láàárín rẹ̀.

Ó kù kó wọ̀ ọ́ láṣọ. Bó ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní, "Bàbá Fàúsát, ẹ bá mi mú áyọ́ọ̀nù yín wá ní Sátidé, ká wọ̀ ọ́ láṣọ. Ti NÉPÀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo ní, "Mo wá di alágbàfọ̀ bàálù?"

Ó ní, "Ẹ ò ní í fọ̀ ọ́. Ẹ kàn máa lọ̀ ọ́ ni."

Ó ti kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù mi dán an wò lára ìrù bàálù náà, ó sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó parí apá rẹ̀, Dàwódù gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó. Ó ní, "Ó lọ́."

Ṣínà ní, "Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, Bàbá."

"Mi ò tíì rí igi tó yẹ kó lọ́. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ káfíńtà ló kan èyí?"

Ṣínà rẹ́rìn-ín. Ó gbé apá náà so mọ́ àjà. Kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Kì í jiyàn.

Ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò sí epo, kò sí iná, kò sí mọ́tò lójú títì. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ṣínà. A rò pé oúnjẹ ni. Nígbà tí kò lè nàró mọ́, Dàwódù gbé e sórí ọmọlanke tó fi ń kó àga, ó ń tì í lọ sí ọsibítù. Mo bá a tì í. Dókítà ní ìfun kan ló bẹ́ nínú rẹ̀, ó ní ó yẹ ká ti gbé e wá ṣáájú. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ọmọlanke yẹn náà la fi gbé e padà wálé.

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n máa sin ín, gbogbo àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Dàwódù ní Bàbá Damaris. Damaris ni àbúrò Ṣínà. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu èèyàn kàn ń sá fún orúkọ òkú ni. Nígbà tí mo wọlé, èmi náà ní, "Bàbá Damaris, ẹ kú ìrọ́jú."

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ náà, Suara?"

Mo jókòó.

Ó ti fẹ́ kan pósí náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní rárá. Bàbá kì í kan pósí ọmọ. Káfíńtà tó wà ní òpópó kejì ni wọ́n gbé e fún. A ń gbọ́ òòlù rẹ̀ láti ibi tá a jókòó sí. Dàwódù dẹ etí sí i. Ó ní, "Ìṣó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò fi gọ́ọ̀mù sí i." Òòlù náà dákẹ́. Ó ní, "Ó ti kàn án tán."

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé láàárín àwọn obìnrin. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kò pẹ́, orin ìjọ wọn bẹ̀rẹ̀ lójú òpópó. Wọ́n ń gbé e lọ. Dàwódù dìde. Mo dìde pẹ̀lú rẹ̀, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Suara, kúrò lọ́nà."

"Mi ò kúrò."

"Nígbà tí Munirat ọmọ rẹ kú, o kírun sí i lára. Ìwọ lo gbà á sílẹ̀ nínú ihò. Mo wà níbẹ̀."

"O wà níbẹ̀."

"Ta ló dá ọ dúró?"

"Kò sẹ́ni tó dá mi dúró."

"Kí wá ni tèmi?"

Àwa kan máa ń ṣe é báyìí, àwọn kan a máa ṣe é báyẹn. Mo ní, "Tìrẹ ni pé wọ́n ní kí n má jẹ́ kó o lọ. Mo sì ti gbà."

Orin náà ń jìnnà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n kan ohun tó máa sùn sí. Yẹ̀pẹ̀ lásán, mi ò gbọdọ̀ bù ú. Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Ó gbójú sókè. Apá bàálù náà wà lókè lára àjà, ní ìhòòhò.

"Ọjọ́ wo ló ní kó o mú áyọ́ọ̀nù wá?"

"Sátidé."

"Òní kọ́?"

"Òní ni."

"Lọ mú un wá."

"Mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀."

"Jẹ́ ká jọ lọ, nígbà náà."

A jọ lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ sọdá títì. Mo mú áyọ́ọ̀nù àti èédú, a padà.

Ọ̀rá náà wà nínú páálí lábẹ́ tábìlì. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè tó pọ́n. Kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì. Ó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, wọ́n sì fi ọ̀rá mìíràn tó mọ́ gaara bo gọ́ọ̀mù náà. Tí áyọ́ọ̀nù tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án, á lẹ̀ mọ́ igi. Tí iná bá pọ̀ sí i, á súnkì, á nà mọ́ egungun. Tí iná bá wá pọ̀ jù, ihò ni.

Mo fẹ́ èédú títí ó fi pọ́n. Mo gbọn eérú rẹ̀ dànù níta. Mo fa ìbọ̀sẹ̀ òwú bo ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù kó má baà ha ọ̀rá, bí Ṣínà ṣe kọ́ mi. Dàwódù ló gé ọ̀rá. Ó gé e kó tóbi ju apá lọ díẹ̀ yíká. Ó bó èyí tó wà lẹ́yìn kúrò, ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ apá. Abẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ̀, kí tòkè lè bò ó létí. Mo fi orí áyọ́ọ̀nù kàn án ní ìdí, mo kàn án ní ṣóńṣó, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí igi láti àárín lọ, díẹ̀díẹ̀. Ó hunjọ káàkiri bí aṣọ tí èèyàn fi sùn.

Dàwódù ní, "O ti bà á jẹ́."

"Dúró ná."

Mo tún fẹ́ èédú. Mo gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lórí àárín rẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rá náà wú díẹ̀, ó wá fà. Gbogbo ibi tó hunjọ nà níṣojú wa, ó ń dán. Dàwódù fi ìka ta á. Ó dún. Ó tún fi ìka ta á.

Nígbà tá a wọ tòkè tán, ó tẹ́ apá náà sórí tábìlì, ó di ojú kan. "Ó ṣì lọ́," ló wí. "Wò ó."

Òótọ́ ni. Ní ṣóńṣó méjèèjì, ẹ̀yìn apá náà gbéra díẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

"Kò ráyè tọ́ ọ," ni Dàwódù wí. "Mo máa bá a tọ́ ọ."

Ó mú kílám̀pù rẹ̀, irin tó fi ń di pákó mọ́ra, wá. Ó fi pákó lé apá náà, ó de ẹ̀gbẹ́ kan mọ́ tábìlì títí ó fi pẹrẹsẹ. "Fi iná sí i." Mo fi iná sí ibi tí pákó ò bò. A dúró kó tutù. Ó yí i padà, ó tún dè é, mo tún fi iná sí i. A ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó tú kílám̀pù, apá náà tọ́ pẹrẹsẹ bí ojú tábìlì. Ó fi ọwọ́ pa á láti ìdí dé ṣóńṣó.

"Ó ti tọ́," ló wí. Ojú rẹ̀ rọ̀. Láti ìgbà tá a ti ti ọmọlanke yẹn, mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rọ̀.

Àwọn tó lọ sìnkú dé. Wọ́n ń fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lẹ́nu géètì. Olúgbénró, ọ̀rẹ́ Ṣínà, wà lára wọn. Ó ń tún bàálù ṣe ní pápákọ̀ Ìkẹjà. Òun ló wọ inú ihò tó bá wọn gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní kó gba ẹ̀yìn, kí Dàwódù má baà rí yẹ̀pẹ̀ ara ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló bọ́ ọ sí. Mo fọ̀ ọ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa ni. Ó pẹ́ kí omi rẹ̀ tó mọ́. Mi ò bi í ní ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Tí mi ò bá mọ̀, ẹnu mi ò lè yọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Olúgbénró wá wo bàálù náà. Dàwódù ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ fún un. "Wò ó. Ó kù kó fò. Ìwọ lo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á."

Olúgbénró yìn ín. Lẹ́yìn náà ló gbé apá náà dọ́gba ojú, ó wò ó. Ó ní òun fẹ́ mu omi, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ta ló tọ́ apá yẹn?"

"Àwa ni. Ó lọ́."

"Ṣínà mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ọ ni. Lílọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kó dorí kodò tí eré rẹ̀ bá dín kù. Bó ṣe tọ́ yìí, á kàn gòkè, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á já lulẹ̀."

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Iná náà ni. Tẹ́ ẹ bá lọ́ ọ padà, tẹ́ ẹ fi iná sí i, tẹ́ ẹ dì í mú kó tutù, á dúró bẹ́ẹ̀." Ó wo ẹ̀yìn. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù yín tí Bàbá bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò ní í mọ̀."

Mo rò ó. Nínú gbogbo ètò ọmọ yẹn, ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ kàn nìyí. Tí mo bá sọ fún un, mo ti gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tá a bá jí i ṣe, a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bákan náà, òun ni kò kàn ní í mọ̀.

Mo ní, "Rárá. Wá sọ fún un."

Ojú Olúgbénró wà nílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Dàwódù gbọ́ ọ tán. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó sọ fún mi. Ó ní bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Mi ò bi í pé kí ló dé."

Bàálù ńlá kan kọjá lókè. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè nínú wa.

Dàwódù ní, "Suara, mú áyọ́ọ̀nù rẹ wá."

Kò lo kílám̀pù lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi lọ́ ọ, Olúgbénró sì ń sọ fún un: díẹ̀ sí i, Bàbá, ó tó. Mo ń gbé áyọ́ọ̀nù kọjá lórí ọ̀rá. Mo ní kó sún ìka sẹ́yìn. Kò sún un. Nígbà tí mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó ṣì dì í mú. Ó ti tutù, ó ṣì dì í mú. Olúgbénró ní, "Ó ti tó, Bàbá." Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ̀yìn ṣóńṣó méjèèjì gbéra. Ìka rẹ̀ méjì ti wú.

Ó ní ká lọ fò ó ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà.

Olúgbénró ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Oregun. Atẹ́gùn ibẹ̀ yẹn ò dáa."

"Pẹ̀lú mọ́tò wo? Pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni Ṣínà ní òun ti máa fò ó."

Olúgbénró wò mí. Mo rò pé ti atẹ́gùn náà ló ń sọ.

A dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti ń mú ilẹ̀ gbóná. Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá dúró wò wá. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà fẹ́ sá kúrò nílùú ni? Eléyìí ò lè gbà yín o!"

Dàwódù ní, "Á gba ìwọ. Ebi yìí ti jẹ́ kó o fúyẹ́ tó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó lọ.

Olúgbénró fa okùn jìnnà. Dàwódù di bàálù náà mú lókè orí. Olúgbénró kígbe, ó sáré. Dàwódù tú ọwọ́. Bàálù náà gòkè, ó gòkè, okùn bọ́ lára rẹ̀, ó dá wà. Oòrùn gba inú aṣọ rẹ̀ kọjá. A ń rí gbogbo egungun tí Ṣínà kàn. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Eré rẹ̀ dín kù débi tí mo fi di ẹnu mi mú. Ó fì díẹ̀, ó sì tọ́ ara rẹ̀ ṣe.

"Kò ṣubú," ni Dàwódù wí.

Ooru ilẹ̀ gbé e. Ó ń yí po, ó ń ga, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀, kọjá òrùlé ilé-ẹ̀kọ́, kọjá títì. Ní òdìkejì títì, ògiri gígùn kan wà tí igi pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri yẹn. Olúgbénró sáré tẹ̀ lé e. Ó sọdá títì. Ó dé ìdí ògiri, ó dúró. Ó dúró pẹ́. Ó wá yí padà, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa lọ́wọ́ òfo. Kò sáré mọ́.

Dàwódù ní, "Ṣé kò sí ọ̀nà àbáwọlé níbẹ̀ ni?"

"Ó wà, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí èmi nìkan padà lọ mú un. Ẹ kọ́kọ́ máa lọ sílé."

Dàwódù wò ó. Lẹ́yìn náà ló wo ògiri náà. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó yí ẹ̀yìn sí i kíá, bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá tí wọ́n ti ń wọṣọ.

Ó ní, "Ṣé ibi tó bọ́ sí jìnnà sí Ṣínà?"

"Kò jìnnà, Bàbá."

"Má lọ mú un."

Ó tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Ó ká a dáadáa, kò jẹ́ kó ta kókó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí títì ní gbogbo ìgbà náà.

Mo ní, "Bàbá Ṣínà, jẹ́ ká máa lọ."

Ó ní, "Hẹn."

Ọ̀nà ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ la gbà lọ sílé. Ó jìn, ẹrẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ìdí ògiri yẹn kọjá. Ibẹ̀ náà ni Dàwódù ń gbà títí di òní tó bá ń lọ sọ́jà.